Nọ́ọ̀tì Táyà Kẹrin

Dádì mi àtàtà,

Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé Màmá lọ sí Berlin nínú ọkọ̀ yín, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pààrà fèrèsé kíṣíìnì yìí, tí mò ń wo ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ náà wà, bíi pé ẹnìkan fẹ́ wá gbé e. Wọ́n ní yìnyín máa já. Mo ti yẹ ojú ọjọ́ wò lórí fóònù tó ìgbà mẹ́wàá, ohun kan náà ló ń sọ: máínọ́ọ̀sì méje ní Hamburg, máínọ́ọ̀sì mọ́kànlá ní Berlin. Màmá wà ní yàrá, wọ́n ń di ẹrù, wọ́n ń kọrin. Èmi jókòó sórí àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo ní kí n kúkú kọ̀wé sí yín. Ta ni mo tún fẹ́ bi léèrè nípa ọkọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ayọ̀. Ṣadé, àbúrò mi, lóyún. Àbí wọ́n ti sọ fún yín níbẹ̀? Oṣù yìí gan-an ni yóò bí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Moabit ní Berlin, nínú ilé àjà kẹrin yẹn, tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ní ìyá. Màmá ti ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú àwọn kí wọ́n bí ọmọ-ọmọ àwọn àkọ́kọ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó máa fi aṣọ tútù nù ún lára kí wọ́n pe ìyẹn ní ìwẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ dúdú wà nínú ẹrù náà, kànrìnkàn wà níbẹ̀, òrí, ìkòkò ńlá, ata gígún, iṣu mẹ́ta, àti kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì. Eékún wọn ò gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin mọ́, áḿbọ̀ǹtórí kí wọ́n gbé ẹrù gùn ún. Nítorí náà, ọkọ̀ yín ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, nínú oṣù kìn-ín-ní, èmi tí mi ò wa ọkọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ẹ ti lọ, àfi lánàá.

Ṣadé pè mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe, bí ẹ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, German ló máa fi dá yín lóhùn. Ó ní kí Màmá kàn wọ Zug, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin, ọkọ òun á wá pàdé wọn. Mo ní kó sọ fún Màmá fúnra rẹ̀. Ó ní rárá o, ní Yorùbá tó já gaara. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé ṣé ọkọ̀ náà dáa. Mo ní ó dáa. Mi ò sọ ohun tí mo rí lára rẹ̀ fún un, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ títí yóò fi bímọ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin lẹ máa ń múra ọkọ̀ sílẹ̀ de òtútù. Àwọn òyìnbó ní láti O dé O ni wọ́n ń lo táyà òtútù, láti Oktober títí dé Ostern. Ẹ̀yin ní kò burú, tiwa náà bára mu, láti Ọ̀wàrà dé Ọdún Àjíǹde, Ọ méjì náà ni. Bí Ọ̀wàrà bá ti wọlé, ẹ ó pè mí. Ẹ kì í pe Ṣadé, ẹ ní èékánná rẹ̀ ò gba sípánà. Èmi ni mò ń gbé jáàkì, èmi ni mò ń kó nọ́ọ̀tì sínú ọmọrí ìkòkò kí ó má baà yí lọ sábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì. Ẹ kọ́ mi pé a kì í há nọ́ọ̀tì táyà yípo, ìkọjá-ìkọjá ni, kí táyà má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ kọ́ mi pé iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sí ọ̀tún níwájú, a ó lọ sí ọ̀tún lẹ́yìn, a ó wá parí rẹ̀ sí òsì lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ bóyá òfin àwọn mẹkáníìkì nìyẹn tàbí òfin tiyín. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ó bu òrí Màmá díẹ̀ nínú ike, ẹ ó fi pa rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yípo, kí yìnyín má baà lẹ̀ ẹ́ pa. Màmá á máa wá òrí wọn káàkiri ilé, ẹ̀yin náà á máa bá wọn wá a.

Ohun tí ẹ kì í fi ṣeré rárá ni omi inú rédíétọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òṣogbo, tí ẹ ti ń tú ẹ́ńjìnì ká kí ẹ tó hu irùngbọ̀n, ọdún àkọ́kọ́ yín ní Berlin, kí ẹ tó kó wá sí Hamburg, omi ẹ̀rọ lẹ̀ ń bù sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀ lọ dà sínú rédíétọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, omi náà dì gbagidi nínú ẹ́ńjìnì, ó sì là á. Ẹ máa ń sọ ìtàn yẹn bíi pé ẹlòmíì ló ṣẹlẹ̀ sí. Àtìgbà náà lẹ ti ba òwe jẹ́: ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù, àfi ní Jámánì, yìnyín ló máa tẹ̀. Mo kéré nígbà yẹn, mo rò pé bí òwe náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo pa á bẹ́ẹ̀ lójú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn sì yíjú sí Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sátidé yẹn. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé e kiri nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pè mí láàárọ̀, ẹ ní yìnyín ń bọ̀, a ti pẹ́ jù lọ́dún yìí, Ọ̀wàrà ti lọ, a ti wà nínú Bélú, kí n máa bọ̀ ká jọ pààrọ̀ táyà. Mo ní mo wà níbi iṣẹ́. Dádì, mi ò sí níbi iṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ní Altona ni mo wà, mo wé búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, mò ń wo fíìmù. Òjò ń ṣẹ̀ wínníwínní, ara mi ò gbà á kí n jáde. Ìdajì wákàtí péré ni ọkọ̀ ojú irin S-Bahn láti ọ̀dọ̀ mi dé ilé yín ní Wilhelmsburg. Mo ní kí ẹ dúró dè mí di Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ ní ó dáa, ẹ ní kí n má fi iṣẹ́ pa ara mi. Ṣé ohùn yín yàtọ̀ lọ́jọ́ náà? Mo ti ronú rẹ̀ títí, mi ò lè rántí. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, níbi tí ẹ ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣubú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tí mo sáré dé, tí mo ń kọjá lára ọkọ̀ nísàlẹ̀, mo rí i pé ẹ ti fúnra yín pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bọ́ wọn nígbà tí Ọdún Àjíǹde dé. Gbogbo ayé ń bọ́ tiwọn, èmi ń fi táyà òtútù rìn nínú oòrùn oṣù keje bí ẹni tó wọ kóòtù lọ sí etí òkun. Mo mọ̀ pé kò dáa. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ooru a máa jẹ ẹ́, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í mú dáadáa lójú ọ̀nà gbígbóná. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló kan nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn kẹ́yìn. Ní gbogbo Sọ́ńdè, kí n tó wọ ọkọ̀ láti gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi pé okùn bàtà mi tú, màá fọwọ́ kan ti iwájú lọ́dọ̀ mi. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún tí kò ní ní orí mi ti ń dàrú? Ọkọ̀ náà ti ń dún kò-kò-kò lẹ́yìn nígbà tí mo bá ń yà ní kọ́nà. Mo ní bóyá ìgò ló ń yí nínú búùtù, mo sì yí orin sókè.

Nígbà tí Ṣadé sọ oṣù tí yóò bímọ, mo mọ̀ pé eré ti parí. Nínú Bélú, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Kofi, ọmọ Gánà tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ojú irin níbí, èyí tí ẹ máa ń bá jiyàn bọ́ọ̀lù. Ó yẹ bátìrì wò, ó ní kò tíì ṣe nǹkan. Ó pààrọ̀ rọ́bà wáípà, ó tan gbogbo iná wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ki nǹkan bí abẹ́rẹ́ ńlá bọ omi ẹ́ńjìnì, ó fà á sókè, ó wò ó, ó tún un fà. Omi tó yẹ kó pọ́n bíi zobo ti ṣá, bíi zobo tí wọ́n fi omi là fún àlejò. Ó ní Frostschutz, oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì, kò kù nínú rẹ̀ mọ́, bí òtútù bá kọjá máínọ́ọ̀sì mẹ́rin kí n máa wá ẹ́ńjìnì míì. Ó bi mí ní Pidgin pé who dey put water for this motor. Mo ní kò sẹ́nìkan. Ó wò mí. Ló bá tún fi ẹyọ owó kan ki inú ilà táyà, ó mi orí. Ó ní táyà yìí náà ti lọ, kí n jẹ́ kí òun tú u lójú ẹsẹ̀, òun ní òmíràn tó bá a mu. Mo ní rárá. Dádì, ó ṣe mí bíi pé ó fẹ́ hú yín. Mo ní màá padà wá, mo sì wakọ̀ jáde láìkí i pé ó kú iṣẹ́.

Ẹnìkan kúkú wà tó ń bu omi sí i. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé. Mo bá Màmá nísàlẹ̀ nínú aṣọ àdúrà funfun wọn, wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi irin rẹ̀ gbé e dúró bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an, wọ́n ń da omi àdúrà sí i láti inú ìgò, wọ́n ń ka Sáàmù mọ́kànlélọ́gọ́fà. Wọn ò tilẹ̀ yára. Ó hàn pé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ni. Dádì, ṣé ẹ mọ̀? Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí ẹ máa ń ní ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo nǹkan nínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí Màmá bá ti gòkè, kí lẹ máa ń lọ wò? Ṣé Frostschutz lẹ máa ń lọ bù lé omi wọn lórí, tí ẹ ó wá gòkè wá jókòó bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé tí ẹ ò fi iṣẹ́ yẹn lé mi lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ?

Mo bá wọn jà. Ẹ má bínú. Mo ní omi lásán ni, ó máa dì, ẹ́ńjìnì máa bẹ́, àwọn ni wọ́n máa dúró nínú òtútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Autobahn pẹ̀lú eékún wọn. Ìdajì rẹ̀ jáde ní German, bó ṣe máa ń rí bí ẹ̀rù bá ń bà mí. Wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Mi ò mọ ìgbà tó jábọ́ lẹ́nu mi: àfi ní Jámánì. Màmá wò mí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá yí padà mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sunkún níbẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀, pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo mú wọn gòkè, mo po tíì fún wọn, tí wọn ò mu.

Ní ọjọ́ kejì mo ra gálọ́ọ̀nù Frostschutz kan, mo gbé e ka iwájú wọn lórí tábìlì yìí. Mo ní bó bá jẹ́ àdúrà ni, kí wọ́n gbà á sí èyí, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹnu kàn án torí májèlé ni. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n béèrè pé ṣé ọtí wà níbẹ̀. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbọ́wọ́ lé e. Mo dúró débi pé ẹsẹ̀ ń ro mí. Kofi fa omi àtijọ́ dànù, ó da tuntun yẹn sí i, ó wọ̀n ọ́n, ó ní máínọ́ọ̀sì ọgbọ̀n. Màmá, tí wọ́n bá mi lọ kí n má baà rẹ́ wọn jẹ, ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n.

Ó wá ku táyà. Mo fi falẹ̀ títí Kérésìmesì fi kọjá. Kofi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kẹta ohùn rẹ̀ ti le. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ. Mo ní kó fún mi ní wíìlì sípánà, èmi ni màá tú u. Bí ẹnìkan bá máa tú iṣẹ́ ọwọ́ yín, ó yẹ kó jẹ́ èmi.

Iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti há a bí ẹ ṣe máa ń há a, ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun orí sípánà kó tó dún, Kofi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, inú mi dùn, mo ní Dádì mi nìyẹn. Ọ̀tún níwájú, ẹsẹ̀ kan tó o. Ọ̀tún lẹ́yìn, ọwọ́ nìkan ni mo fi tú u, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe ni. Nígbà tí mo dé òsì lẹ́yìn, mo ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó yí. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo yọ sípánà kúrò, mo fi ìka mú èkejì, òun náà yí. Nínú nọ́ọ̀tì márùn-ún, mẹ́ta ni mo fi ìka tú bí ẹni ń ṣí ìgò òróró. Kofi pa rédíò rẹ̀. Ó wá lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Dádì, agbára yín ti ń tán lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lára táyà náà, mo kà á láti ọ̀kan dé ẹ̀kẹrin. Ẹ há ti àkọ́kọ́ bí ọkùnrin, nígbà tí ẹ fi máa dé ti ìkẹyìn, ọwọ́ yín ò ká a mọ́. Ṣé ojú ń ṣú yín? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò le, tí ẹ ní ẹ ó padà wá há a tí ara bá balẹ̀? Àbí ẹ rò pé ẹ ti há a tán, ẹ sì gbé sípánà yín gòkè pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀? Mo jókòó sílẹ̀ nínú epo dúdú yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo sunkún tán ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé Màmá kọjá lórí afárá odò Elbe lórí táyà yẹn. Mò ń fọwọ́ pa ti iwájú bí ohun mímọ́, ti ẹ̀yìn ń dún kò-kò-kò, mo ní orin ni kí n gbọ́.

Mo pinnu pé mi ò ní sọ fún Màmá. Ojú mi ló sọ fún wọn kí n tó bọ́ bàtà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n fa àga jókòó, wọ́n sì sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Wọ́n ní ẹ gòkè wá lẹ́yìn táyà kẹta. Wọ́n ní ẹ jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, ẹ mu omi ife méjì, ẹ ní apá ń ro yín. Wọ́n bẹ̀ yín kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ dè mí. Ẹ ní a kì í fi táyà òtútù mẹ́ta àti ti ẹ̀ẹ̀rùn kan rìn, pé mo ti ní mo fẹ́ yá ọkọ̀ lọ sí Lübeck ní Mọ́ńdè, ẹ ò lè jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ tún sọ̀kalẹ̀.

Mo ti gbàgbé Lübeck. Mo gbàgbé pátápátá pé mo yá ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín. Nítorí tèmi lẹ ṣe padà lọ sínú òjò, èmi tí mo wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo bá jẹ́wọ́ fún Màmá. Mo ní mi ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ní fíìmù ni mò ń wò, mo purọ́ fún yín. Mo ń retí kí wọ́n pariwo lé mi lórí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń fi ìka nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ tiwọn. Wọ́n ní omi àdúrà ti tán nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí wọ́n lọ bu òmíràn ní ìsìn Fúráìdé, òtútù mú, wọ́n ní kó di Sọ́ńdè. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti ra ọkọ̀ náà, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí wọn ò da omi sí i nìyẹn. Ìgbà tí ẹ sì lọ tán ni wọ́n wá ń dà á léraléra, ọjọ́ mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì, bíi pé wọ́n fẹ́ san ti ọ̀sẹ̀ yẹn padà. Èmi wá rántí pé mo ti dúró nísàlẹ̀, mo ń pariwo lé wọn lórí pé omi lásán ni. Bó bá jẹ́ omi lásán, a jẹ́ pé wọn ò pa yín. Ṣùgbọ́n kí ló wá kù tí wọ́n fẹ́ fi máa ṣọ́ wa? Mi ò mọ̀ bóyá mo tú ẹrù lórí wọn ni, àbí mo já nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọdún yẹn dákẹ́, ṣé ohun tí ẹ rí nìyẹn?

Mo ní omi kọ́ ló pa Dádì. Wọ́n ní fíìmù kọ́ ló pa ọkọ àwọn. Mi ò gba tiwọn gbọ́ tán, àwọn náà ò gba tèmi gbọ́ tán, mo rí i lójú wọn. A sáà jẹun.

Táyà tuntun mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín báyìí. Kofi ní tí mo bá ti rin àádọ́ta kìlómítà, dandan ni kí n tún nọ́ọ̀tì há, torí ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀yin ò rí àyè ṣe nìyẹn. Ó yá mi ní sípánà kan tó máa ń ta kọ́ bó bá ti le tó. Lánàá lọ́sàn-án, mo ní kí Màmá jókòó sílé, wọ́n ní níbo, ni a bá jọ wà á gba ọ̀nà Lüneburg. Mo rọra ń lọ débi pé bàbá arúgbó kan yà wá sílẹ̀, ó sì mi orí sí mi. Mò ń gbọ́ gbogbo ìró. Mò ń bi Màmá pé ṣé wọ́n gbọ́ nǹkan, wọ́n ní àwọn gbọ́ èmi tí mò ń béèrè.

Nígbà tó pé àádọ́ta, mo yà síbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sinmi. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gé ni létí. Mo bẹ̀rẹ̀ ní iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, ìkọjá-ìkọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta kọ́. Nígbà tí mo dé òsì lẹ́yìn, mo gbọ́ ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ̀pá Màmá lórí ilẹ̀ dídì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣubú. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n rọra tẹ̀ ba, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí sípánà, a jọ tẹ̀ ẹ́. Ó ta kọ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Márààrún la jọ há, wọn ò gbàdúrà, wọn ò kọrin, wọ́n kàn ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Ọ̀la ni wàyí. Búláńkẹ́ẹ̀tì méjì wà nínú búùtù, àti ṣọ́bìrì kékeré, àti iyanrìn nínú àpò, àti ohun tí wọ́n fi ń họ yìnyín lójú gíláàsì. Omi wáípà ti kún, èyí tí kì í dì. Mo ti bu epo kún tánkì dẹ́nu. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí yìnyín bá bò wá lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ kọ́ mi pé bí táyà bá yọ̀, kí n má tẹ bíréèkì gìrì, kí n tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n máa wo ibi tí mo fẹ́ lọ, kí n má wo ibi tí mi ò fẹ́ lọ. Ṣé ẹsẹ̀ mi á rántí? Màmá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ tí kò tíì ní orúkọ ń dúró dè wọ́n ní Moabit.

Sípánà ní nọ́ọ̀tì náà le tó. Kofi ní ó le tó. Bí mo bá ti fi bíírò yìí sílẹ̀, mo mọ̀ pé màá tún sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó.

Ẹ̀yin ẹ jókòó, Dádì. Ẹ jẹ́ kí apá yín sinmi. Ẹ má tún sọ̀kalẹ̀ sínú òjò yẹn mọ́, ó ku táyà kan péré, mo ti dé, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ ń retí ní Sátidé.